Ta Ní Ń Sọ̀rọ̀ Lẹ́yìn Olùgbọ́? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Orin fún Sípíkà Mẹ́rin

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá to sípíkà mẹ́rin sínú yàrá rẹ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ kó tó fi orin kankan sí i. Ó ti gbà pé ohun kan wà tí sípíkà méjì tó kọjú sí òun kò lè sọ tán. Ìṣòro tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé orin tó ní ohun gidi láti sọ láti ẹ̀yìn kò pọ̀, àkọlé ara àwo kì í sì í fi í hàn. Àwo kan lè pe ara rẹ̀ ní àwo sípíkà mẹ́rin, kó jẹ́ pé ìpàtẹ́wọ́ èrò àti gbohùngbohùn ògiri gbọ̀ngàn nìkan ló gbé sẹ́yìn. Òmíràn lè gbé ìlù, gìtá àti ohùn ènìyàn yí olùgbọ́ ká, kí gbogbo rẹ̀ sì máa yí láìnídìí bí òkòtó.

Àyẹ̀wò yìí dá lórí ìbéèrè kan: kí ni olùgbọ́ lè fi dá orin tó yẹ sípíkà mẹ́rin mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn fọ́n ká? Ìdáhùn tó gbé kalẹ̀ ni pé ibi tí ìró ti ń wá kò ṣe pàtàkì tó iṣẹ́ tí ìró náà ń ṣe níbẹ̀. Ètò ìlù Yorùbá, dùndún àti bàtá ní pàtàkì, ni àyẹ̀wò náà fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìdí ni pé nínú ètò ìlù wọ̀nyí, kò sí ohùn tó wà níbi tó wà lásán. Olúkúlùkù ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn onímọ̀ èdè àti àṣà Yorùbá ju bí wọ́n ṣe lè rò lọ, nítorí pé ìbéèrè kan náà ló dúró de ẹnikẹ́ni tó bá gbé máíkì síwájú onílù lónìí.

Bí ohùn mẹ́rin ṣe wọ inú ipa kan

Kí sípíkà tó dé ni àwọn olórin ti ń lo ibi láti fi sọ̀rọ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún 16, Giovanni Gabrieli kọ orin fún àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìjọ San Marco ní Venice, kí ẹgbẹ́ kan lè máa dá èkejì lóhùn. Ní 1960, Karlheinz Stockhausen parí iṣẹ́ rẹ̀ tó pè ní Kontakte ní ilé iṣẹ́ rédíò ìlú Cologne, ní Jámánì. Ó gbé sípíkà kan lé orí tábìlì tó ń yí, ó to máíkì mẹ́rin yí i ká, ó sì gba ìró náà sórí téèpù ọlọ́nà mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n bá gbé e sáfẹ́fẹ́ nínú gbọ̀ngàn, ìró náà yóò máa yí àwọn olùgbọ́ po. Nínú iṣẹ́ yìí, ìyípo ìró kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó wà lára ohun tí wọ́n fi kọ orin náà, gẹ́gẹ́ bí gíga ohùn àti gígùn rẹ̀ ṣe wà lára rẹ̀.

Ìgbà tí ìlànà yìí fẹ́ wọ ilé onílé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ipa orí àwo ní ògiri méjì. Ọ̀nà méjì péré ni abẹ́rẹ́ lè kà tààrà níbẹ̀. Báwo ni ọ̀nà mẹ́rin yóò ṣe wọ inú ipa ọlọ́nà méjì? Ilé iṣẹ́ CBS dáhùn ní 1971 pẹ̀lú ìlànà tó pè ní SQ: wọ́n ká ọ̀nà mẹ́rin pọ̀ di méjì, ẹ̀rọ kan ní ilé olùgbọ́ yóò sì tún un tú padà sí mẹ́rin. Sansui ní irú rẹ̀ tirẹ̀, QS. JVC gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú CD-4: wọ́n fi ìsọfúnni tó kù gun orí ìró tó ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ, ní nǹkan bí 30,000 Hz. Abẹ́rẹ́ àkànṣe ló lè kà á, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní ipò tó dára. Téèpù nìkan ni kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà mẹ́rin tó dá dúró lè wà lórí rẹ̀.

Ìlànà kọ̀ọ̀kan kò bá èkejì mu. Kí ọ̀rúndún náà tó wọ ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti pa á tì. Ohun tó ṣe pàtàkì fún lámèyítọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ SQ àkọ́kọ́ kò lè ya iwájú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yìn dáadáa. Ohùn tí onímọ̀ ẹ̀rọ fi sí igun ẹ̀yìn a máa jò sí iwájú. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n dá fún orin sípíkà mẹ́rin nígbà náà, ẹ̀rọ atúpalẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dá a fún. Lónìí, SACD, DVD-Audio àti Blu-ray lè gbé ọ̀nà mẹ́rin náà wá ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n ṣe wà lórí téèpù ní sítúdíò. Ó ti wá ṣeé ṣe láti tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Òṣùwọ̀n láti inú ètò ìlù

Ó lè yá olùgbọ́ tó jẹ́ Yorùbá lára láti sọ pé sípíkà mẹ́rin jọ agbo ijó. Ìfiwéra yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò pé. Nínú agbo, àwọn onílù kì í fọ́n ká sí igun mẹ́rin. Wọ́n máa ń dúró pọ̀, ojú wọn a sì máa wo oníjó. Ohun tó yí oníjó ká ni ègbè, àtẹ́wọ́ àti ìdáhùn èrò. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ìdáhùn ló sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀yìn, nítorí pé ẹni tó ń dáhùn wà ní òdìkejì ẹni tó ń pè.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti inú dùndún. Kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú ló ń di ìlù mú. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Onílù tó gbé ìyáàlù kọ́ lè yà kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kó rìn tọ ẹni tó ń kì lọ. Ìrìn yẹn ní ìtumọ̀. Ẹni tí ìlù sún mọ́ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè, àwọn tó kù náà sì mọ̀. Bí ìró bá máa rìn, ó yẹ kó ní ẹni tàbí ohun tó ń rìn lọ bá.

Ẹ̀kọ́ kẹta, tó le jù, wà nínú bàtá. Nínú bàtá, ìyáàlù àti omele abo jọ máa ń gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ohùn tí ìlù kan kò ní, èkejì ló máa ń fi kún un. Ẹni tó bá gbé ìyáàlù sí igun iwájú lápá òsì, tó gbé omele abo sí igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, lè rò pé òun ti jẹ́ kí ìlù méjèèjì hàn kedere. Ohun tó ṣe gan-an ni pé ó fa gbólóhùn kan ya sí méjì. Etí yóò gbọ́ ìlù méjì, kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ire ní gbogbo ìgbà. Ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ti ibì kan jáde.

Ẹ̀rí láti inú àwọn àwo

Àwo tó fi gbogbo ẹnu bá òṣùwọ̀n yìí mu ni èyí tí E. Power Biggs fi orin Bach ṣe fún Columbia nínú kàtídírà Freiburg ní Jámánì, ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1970. Dùùrù mẹ́rin ló wà nínú kàtídírà náà, ní ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a sì lè tẹ gbogbo wọn láti ibi kan ṣoṣo. Dùùrù mẹ́rin, sípíkà mẹ́rin: kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti dọ́gbọ́n sí. Nínú tòkátà, níbi tí Bach ti máa ń fi gbólóhùn kan béèrè tó sì máa ń fi òmíràn dáhùn, ìbéèrè àti ìdáhùn lè ti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ní tòótọ́. Ẹni tó bá gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ ní sípíkà méjì kò gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kàtídírà náà.

Ọ̀rọ̀ Pierre Boulez gba àríyànjiyàn díẹ̀. Nígbà tí òun àti ọ́kẹ́sítírà New York Philharmonic gba Concerto for Orchestra ti Béla Bartók sílẹ̀ ní 1972, wọ́n to àwọn olórin yí olùdarí ká. Àwọn tó lòdì sí i lè sọ pé kò sí olùgbọ́ kan tó ń jókòó sí àárín ọ́kẹ́sítírà. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ó fojú fo irú orin tí èyí jẹ́. Bartók fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní kọ̀ǹṣátò fún ọ́kẹ́sítírà nítorí pé ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ń gba ipò adákọrin nínú rẹ̀. Ní ìpín kejì, àwọn ohun èlò ń jáde ní méjì méjì: bàsúùnù, óbò, klárínẹ́ẹ̀tì, fèrè, lẹ́yìn náà kàkàkí tí wọ́n dí lẹ́nu. Ó dà bí ìgbà tí àwọn ìbejì ń tò kọjá lójú agbo. Fún irú ìpín bẹ́ẹ̀, ìtòyíká jẹ́ àlàyé lórí orin náà. Níbi tí gbogbo ọ́kẹ́sítírà bá ti ní láti dún bí ẹnìkan ní ìpín ìkẹyìn, ìtòyíká kan náà ní ewu pé yóò tú ohùn náà ká. Àwo yìí kọ́ ni ní ohun tó pọ̀, nítorí pé àǹfààní àti àléébù ìlànà náà wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Lára orin rọ́ọ̀kì, The Dark Side of the Moon ti ẹgbẹ́ Pink Floyd, tó jáde ní 1973, ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá. Alan Parsons ló ṣe ètò ọlọ́nà mẹ́rin rẹ̀. Àwọn aago tó ń lù papọ̀ nínú orin "Time" kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí apá orin. Parsons ti gbà wọ́n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti fi dán ìró ọlọ́nà mẹ́rin wò. Nínú orin náà, aago tó yí ènìyàn ká jẹ́ àkókò tó ti ká ènìyàn mọ́. Ibi ti di ìtumọ̀. Bákan náà ni owó àti ẹ̀rọ ìṣirò tó ń dún ní ìbẹ̀rẹ̀ "Money" ṣe ń rìn yí yàrá po, ìró méje ní ìlù méje. Ìrìn yìí ní ìdí: owó kì í dúró lójú kan. Síbẹ̀, ìró àfikún ni aago àti owó. Nígbà tí ìlù, gìtá àti ohùn bá wọlé, ìbéèrè tó tọ́ ni bóyá ẹ̀yìn ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹni tó bá fi aago nìkan ṣe ìdájọ́ àwo náà ti fi àsè ṣe ìdájọ́ ìyàwó.

Ní ìdàkejì, ilé iṣẹ́ Philips gba ọ̀pọ̀ orin àkọsílẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin ní àwọn ọdún 1970, tí Pentatone sì ti tún gbé jáde lórí SACD ní ọ̀rúndún yìí. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ọ́kẹ́sítírà wà níwájú, gbọ̀ngàn ló wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń wá ariwo láti ẹ̀yìn yóò bínú sí wọn. Kò yẹ kó bínú. Gbọ̀ngàn náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ó ń sọ fún etí bí yàrá tí orin wà nínú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ohun tó burú ni kí wọ́n ta irú àwo bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń wá ìfọ̀rọ̀wérọ̀ igun mẹ́rin.

Ìlù tó ti Ajídò rin ọ̀nà jíjìn

Orúkọ Columbia tó hàn lára àwo Biggs àti Boulez hàn níbòmíràn tó kan Yorùbá gan-an. Ní 1960, Columbia kan náà ló gbé Drums of Passion jáde fún Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Badagry. Orin "Jin-Go-Lo-Ba" wà nínú àwo náà. Ní 1969, ẹgbẹ́ Santana kọ orin náà nínú àwo wọn àkọ́kọ́, tí Columbia náà gbé jáde, wọ́n sì pè é ní "Jingo". Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ náà ṣe Abraxas, èyí tó wá jáde ní ìlànà ọlọ́nà mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ìlù àwọn ará Áfíríkà tó kọjá sí Kúbà àti Puerto Rico ló wà nínú egungun àwo yìí: kóńgà, tìmbálẹ́ àti agogo ń fèsì fún ara wọn, gìtá sì ń gba ipò ìyáàlù, òun ló ń sọ̀rọ̀. Irú orin báyìí gba ìpín sí igun láìsí ìfipá, nítorí pé ìlù kọ̀ọ̀kan ti ní ààyè tirẹ̀ kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó fọwọ́ kàn án.

Remain in Light ti ẹgbẹ́ Talking Heads, tó jáde ní 1980, jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Àwọn tó ṣe é kò fi pamọ́ pé orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì wà lára ohun tó ṣí wọn lójú. Kì í ṣe ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ètò ọlọ́nà púpọ̀ rẹ̀, tí Jerry Harrison tó wà nínú ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ sí, jáde ní 2005. Síbẹ̀ orin náà dà bí èyí tó ti ń retí rẹ̀. Gbólóhùn kéékèèké tí kì í yí padà ni wọ́n to léra wọn: gìtá kan, báàsì kan, ìlù, ègbè tó ń kọjá lórí ègbè. Ní sípíkà méjì, wọ́n ń fún ara wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rí ààyè, olùgbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí gbólóhùn kan ṣe ń di àlàfo èkejì, èyí tí olùlù gúdúgúdú kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun.

Wíwá a rí

Láti inú ẹ̀rí wọ̀nyí, olùgbọ́ tó ní sípíkà mẹ́rin lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kó wádìí bí wọ́n ṣe gba orin náà sílẹ̀, kó tó wo àkọlé. Orin tí wọ́n ṣe ní ibi púpọ̀ ní tòótọ́ ló ṣáájú; orin tí wọ́n pín láti orí téèpù sítúdíò ló tẹ̀ lé e; orin tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ gbọ̀ngàn dára fún ẹni tó mọ ohun tó ń rà. Ìkejì ni kó wá ẹ̀dà tí ọ̀nà mẹ́rin ti dá dúró. Ètò Parsons fún Pink Floyd, bí àpẹẹrẹ, wà nínú àkójọ Immersion tó jáde ní 2011. Ẹgbẹ́ Chicago náà kó àwọn àwo ọlọ́nà mẹ́rin wọn jọ sórí Blu-ray ní 2016. Ìkẹta ni kó sọ fún ẹ̀rọ rẹ̀ pé kò sí sípíkà àárín. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó wà fún àárín nínú ètò ọlọ́nà márùn-ún yóò pín sí iwájú méjèèjì, kò ní sọnù. Bí kò bá ṣe é, ohùn akọrin gan-an lè di àwátì.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kò pàdánù gbogbo rẹ̀. David Hafler ti fi hàn tipẹ́ pé bí wọ́n bá so sípíkà ẹ̀yìn mọ́ àárín ẹnu ọ̀nà rere méjèèjì ara ámpílífáyà sítẹ́ríò, ohun tó yàtọ̀ láàárín apá òsì àti apá ọ̀tún ni yóò máa jáde níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà mẹ́rin gidi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń fi ohun tó ti fara pamọ́ sínú sítẹ́ríò hàn, èyí tó sábà máa ń jẹ́ gbohùngbohùn gbọ̀ngàn.

Ìkádìí

Ìdájọ́ tó ti inú àyẹ̀wò yìí jáde kò nira láti sọ. Orin tó yẹ sípíkà mẹ́rin ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní iṣẹ́, tí ìrìn ìró inú rẹ̀ ní ìdí, tí ohùn tó jẹ́ ọ̀kan kò sì pín. Àwo Freiburg gba gbogbo rẹ̀. Àwo Boulez gba méjì, ó sì fi ìkẹta wewu. Èyí tó kàn ń yí kò gba ọ̀kankan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí sí yàrá olùgbọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi fóònù kan ṣoṣo gba bàtá sílẹ̀ lónìí, ìyáàlù lè bo omele abo mọ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ sì di àdììtú fún ẹni tí yóò gbọ́ ọ ní ọgbọ̀n ọdún sí i. Bí ó bá gbé máíkì fún ìlù kọ̀ọ̀kan, tó gba ohùn èrò sọ́tọ̀, tó sì pa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan mọ́ láìpò wọ́n pọ̀, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti ṣe. Ẹni náà lè kó ìlù méjèèjì sí ibì kan kó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó lè yà wọ́n kó mọ ẹni tó sọ ibo. Àwo tó ti pò ohùn pọ̀ kò lè fún un ní àǹfààní yẹn mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó pa ìlànà sípíkà mẹ́rin tì ní àwọn ọdún 1970 pa téèpù ọlọ́nà mẹ́rin wọn mọ́, òun ni ó jẹ́ kí a lè tún wọn gbọ́ lónìí. Ohun tí àwọn àgbà onílù ń sọ kò yẹ kó rí ìpamọ́ tó kéré sí ti aago inú "Time".